Iṣẹ́ alálàyé bọ́ọ̀lù: ọ̀ràn Alan Hansen

Ọmọ mi kan bi mí léèrè pé kí ni wọ́n ń sanwó fún gan-an, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí gbogbo wa ṣáà fojú rí. Mo ní kó jẹ́ ká fi Alan Hansen ṣàpẹẹrẹ.

Ọmọ Scotland ni. Ọdún 1977 ni Liverpool rà á lọ́wọ́ Partick Thistle ní £100,000. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Ó gba líìgì mẹ́jọ, ó gba ife Yúróòpù mẹ́ta. Orúnkún ló lé e kúrò lórí pápá ní 1991. Láti 1992 títí di 2014, ó wà lórí Match of the Day ti BBC.

Bí góòlù bá wọlé, ẹni tó gbá a wọlé ni èmi àti ẹ̀yin ń wò. Hansen kì í wo ìyẹn. Á ní kí wọ́n dá fídíò padà sẹ́yìn, kí wọ́n dá a dúró, á wá nàka sí ẹlẹ́yìn tó ti kúrò ní ààyè ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn.

Àmọ́ o, ní August 19, 1995, Aston Villa na Manchester United 3-1. Ferguson ti ta Ince, Hughes àti Kanchelskis, ó kó àwọn ọ̀dọ́ wọ pápá. Hansen ní èèyàn ò lè fi ọmọdé gba nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí United rí lọ́jọ́ náà? David Beckham, ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí sáà fi parí, líìgì àti FA Cup ti wà lọ́wọ́ wọn.

Mi ò bá wọn fi Hansen rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Góòlù mẹ́ta ti wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Ó kàn fi eré ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ṣèdájọ́ oṣù mẹ́sàn-án ni, nígbà tí Cantona ṣì wà lábẹ́ ìjìyà, tí kò tíì padà dé.

Èmi náà ti ṣe é rí. Iṣẹ́ kan péré ni mo kà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo fi sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé eléyìí ò lè lọ jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni lónìí, òun ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé mi tó jáde kẹ́yìn.

Hansen ò sá o. Ọdún mọ́kàndínlógún ló tún fi jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀, tó sì ń dá fídíò dúró.