Nígbà tí Ẹ́ńjìnnì Píkọ́ọ̀pù Kò Bá Yí

Gbólóhùn náà, “ọkọ̀ kò ṣíná,” kò là á yé mẹkáníìkì tó. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí tí kò gbaná yàtọ̀ sí èyí tí kò yí rárá; ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè ra sítátà tuntun lásán. Etí ni olórí irinṣẹ́ níhìn-ín. Bí ó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, agbára bátìrì ló sábà máa ń lọ sílẹ̀. Èyí tó kún máa ń tó volt 12.6, bí ó bá rẹlẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí sítátà ń fà á, kò lágbára mọ́. Ìró kan ṣoṣo sábà máa ń tọ́ka sí sítátà. Bí ó bá dákẹ́ pátápátá, kí ẹni tí jíà rẹ̀ jẹ́ aládàáṣiṣẹ́ fi í sí N wò. Síbẹ̀, ìdọ̀tí funfun tó ń bo orí bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ nù: òun nìkan lè fa ìró méjèèjì, àti ìdákẹ́ náà.