Àtíbàbà Ọkọ̀-Ilé: Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Títún Un Ṣe àti fún Pípààrọ̀ Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé àtíbàbà tí ó máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀-ilé: bí ó ṣe ń bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kọjá orúkọ lásán. Láàrin àwọn ẹ̀yà yìí, ọ̀kan wà tí ó lè ṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́wọ́ bí kò bá mọ agbára tí ó fara sin sínú rẹ̀. Orúkọ tí ó bá tọ́ sí irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí yóò ti kìlọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án.

1.1 Ọkọ̀-ilé

Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ibi ìjókòó nínú, tí àwọn tí ń rìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ń gbé inú rẹ̀. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀; òmíràn kò ní, ọkọ̀ mìíràn ni ó ń fà á. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, agbègbè ìlú Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni ó lókìkí jù lọ fún ṣíṣe wọn. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kóra jọ sí Quartzsite, ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí òtútù kò ti pọ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn ń ràn ganrín-ganrín.

‘Ọkọ̀-ilé’ ni ó tọ́, kì í ṣe ‘ilé-ọkọ̀’. Nínú àpólà orúkọ Yorùbá, orí ni ó máa ń ṣáájú, ẹ̀yán a sì tẹ̀ lé e. Ilé-ọkọ̀ ni ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀-ilé ni ọkọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ilé.

1.2 Àtíbàbà

Kí kánópì tó dé, àtíbàbà ni àwọn àgbà ń fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, kí àwọn ènìyàn lè rí ibòji jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí ó wà lára ọkọ̀-ilé mu ju agbòòrùn lọ, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé agbòòrùn. Ó sì bá a mu ju kánópì lọ, nítorí kánópì ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, nígbà tí àtíbàbà ọkọ̀-ilé fara ti ọkọ̀.

2.0 Àwọn Ẹ̀yà Ara Àtíbàbà

2.1 Aṣọ àtíbàbà. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni aṣọ ọlọ́ràá, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá líle bo òwú pólíẹ́sítà. Omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èkejì ni aṣọ híhun àkírílíìkì, tí wọ́n ti fi aró sínú òwú rẹ̀ kí wọ́n tó ran òwú náà, nítorí náà kì í tètè ṣá. Ilé-iṣẹ́ Glen Raven ní North Carolina gbé irú èyí jáde ní ọdún 1961, wọ́n sì pè é ní Sunbrella. Aṣọ híhun ń mí, ó sì ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n omi lè máa kán láti inú rẹ̀ bí òjò bá pẹ́.

2.2 Irin agbétí. Èyí ni irin tóóró tí ó wà ní òkè ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ó ní ihò gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ há. Etí aṣọ ni ó ń gbà mú, ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Okùn ọ̀rá kan wà nínú etí aṣọ náà, bí okùn ṣòkòtò ti wà nínú ìbàdí ṣòkòtò. Okùn yìí tóbi ju ẹnu ihò lọ, nítorí náà aṣọ kò lè já bọ́ síwájú. Láti ìpẹ̀kun irin nìkan ni wọ́n ti lè fà á jáde.

2.3 Ọ̀pá ìkáṣọ. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ ṣófo ni. Òun ni aṣọ ń ká mọ́, bí ènìyàn ṣe ń ká ẹní. Òun náà ní ihò gbọọrọ tí ó gba etí kejì aṣọ mú.

2.4 Apá. Méjì ni, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Àwọn ni wọ́n so ọ̀pá ìkáṣọ mọ́ ara ọkọ̀.

2.5 Irin afipápadà. Èyí ni ẹ̀yà tí ó léwu. Ó jẹ́ irin wíwé tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá ìkáṣọ. Bí wọ́n bá ti ń fa aṣọ jáde ni irin yìí ń lọ́ sí i, tí ipá sì ń pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú aṣọ sílẹ̀, ipá náà ni ó ń ká a padà. Ó lè dà bí ẹni pé ‘irin wíwé’ tó láti fi pè é, nítorí bí ó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí irin wíwé kò ní rí ewu. Ọdẹ kì í fojú igi títẹ̀ lásán wo ọrun tí wọ́n ti fà, nítorí ó mọ̀ pé ipá wà nínú rẹ̀. ‘Irin afipápadà’ (a-fi-ipá-padà) ń sọ iṣẹ́ irin náà, ó sì ń sọ ewu rẹ̀. Kódà nígbà tí aṣọ bá ti ká tán pátápátá, ipá ṣì kù nínú irin yìí, nítorí ipá náà ni kò jẹ́ kí aṣọ dẹ̀.

3.0 Ohun tí Ń Ba Àtíbàbà Jẹ́

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò lè rí ń sọ ọ̀rá àti òwú ìránṣọ di gbígbẹ, wọn a sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ọ̀rinrin ni èkejì: aṣọ tí wọ́n ká ní tútù a máa yọ àmì dúdú, a sì máa rùn. Ìjì ni ẹ̀kẹta, òun ni ó ń gbé àtíbàbà sókè tí apá fi ń tẹ̀.

Omi ni ẹ̀kẹrin, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Bí omi bá dá adágún sórí aṣọ, tí ibẹ̀ gùn ní mítà 2, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, lítà 100 ni omi náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 100. Bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé aṣọ lórí ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ apá kan sílẹ̀ ju èkejì lọ nígbà òjò, kí omi lè ṣàn lọ.

4.0 Àbùlẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbùlẹ̀ ni í mú aṣọ tọ́. Bí yíya náà kò bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ó sì wà ní àárín aṣọ, àbùlẹ̀ tó o. Fún aṣọ ọlọ́ràá, wọn a kọ́kọ́ fọ ojú ibẹ̀, wọn a fi ọtí ìfọgbẹ́ nù ún, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, wọn a wá lẹ ọ̀rá alátè mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀. Igun àbùlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ rogodo, nítorí igun ṣóńṣó ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí nígbà tí aṣọ bá ń ká mọ́ ọ̀pá. Fún aṣọ híhun, abẹ́rẹ́ àti òwú tí oòrùn kò tètè bàjẹ́ ni ó dára jù, nítorí àtẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú òwú híhun.

Àbùlẹ̀ kò wúlò níbi tí etí aṣọ bá ti já kúrò lára okùn rẹ̀, tàbí tí ọ̀rá bá ń ṣí kúrò káàkiri. Aṣọ bẹ́ẹ̀ ti gbó. Pípààrọ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n bí apá tàbí ọ̀pá bá tẹ̀, aṣọ tuntun nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Ẹ̀yà tí ó tẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Bí ó bá sì ju ẹyọ kan lọ, odindi àtíbàbà tuntun lè dín ìnáwó kù.

5.0 Pípààrọ̀ Aṣọ

Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni: ẹnì kọ̀ọ̀kan nídìí apá kọ̀ọ̀kan, àti ẹnì kan lórí àkàsọ̀.

(i) Wọn a wọn aṣọ àtijọ́ fúnra rẹ̀. Fífẹ̀ aṣọ kò tó àlàfo tí ó wà láàrin apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá ra aṣọ ní ìwọ̀n àlàfo náà yóò rí i pé aṣọ ń ha mọ́ apá.

(ii) Wọn a na àtíbàbà síta, wọn a sì fi irin ìdènà bọ ihò ìpẹ̀kun ọ̀pá, kí irin afipápadà má lè yí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ohunkóhun kí èyí tó parí.

(iii) Wọn a tú sikúrù tí ó de aṣọ mọ́ irin agbétí, wọn a fa aṣọ jáde láti ìpẹ̀kun irin, wọn a sì gbé ọ̀pá pẹ̀lú aṣọ sọ̀kalẹ̀ sórí ìdúró.

(iv) Wọn a di ìdérí ìpẹ̀kun ọ̀pá mú ṣinṣin, wọn a tú u, wọn a sì jẹ́ kí irin afipápadà yí padà díẹ̀díẹ̀. Wọn a máa ka iye ìgbà tí ó yí, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀tún àti fún òsì. Bí ọwọ́ bá yọ̀ níhìn-ín, ìdérí náà yóò yí fìrì, ìka ni yóò sì gbà á.

(v) Wọn a nu ihò gbọọrọ mọ́, wọn a fi ọṣẹ pa á kí okùn lè yọ̀ wọlé, wọn a sì fa aṣọ tuntun sínú rẹ̀.

(vi) Wọn a lọ́ irin afipápadà padà ní iye ìgbà tí wọ́n kọ sílẹ̀, wọn a fi irin ìdènà sí i, wọn a sì dá gbogbo rẹ̀ padà sí ààyè. Irin ìdènà ni wọ́n ń yọ kẹ́yìn.

Nínú àtíbàbà oníná, ẹ̀rọ amọ́pàáyí ni ó ń ká aṣọ, bátìrì ọkọ̀ sì ni ó ń fún un ní iná. Wọn a kọ́kọ́ yọ okùn iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsí iná kò túmọ̀ sí àìsí ewu: ọ̀pọ̀ wọn ní ọ̀pá onígáàsì nínú apá, tí ó ń ti apá síta. Ọ̀pá yìí náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn afipápadà. Wọn gbọ́dọ̀ so apá mọ́ ara ọkọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ̀pá ìkáṣọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ apá yóò fò jáde lu ẹni tí ó wà nítòsí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìlànà tí ó hàn nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ìrísí lè tó fún orúkọ ẹ̀yà tí kò ní ipá nínú, bí apá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ó bá fi ipá pamọ́ gbọ́dọ̀ gba orúkọ láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ‘afipápadà’ di orúkọ ìdílé, tí irin wíwé àti ọ̀pá onígáàsì jọ ń jẹ́, bí ìrísí wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn náà ‘fi irin ìdènà sí irin afipápadà’ ti gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò ṣe.