Bí sípíkà alágbèéká yín bá kọ̀ tí kò gba iná mọ́, ẹ má tíì sọ ọ́ nù

Ní Ìwàrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Àtàkúnmọ́sà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti ní àwọn abúlé oko kòkó tó wà káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sípíkà kékeré alágbèéká ti gba ipò tí rédíò oníbátìrì wà láyé ijọ́un. Òun ni àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀ka igi nígbà tó bá ń fọ́ kòkó. Òun ni ìyá alákàrà ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, òun náà ni wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù, orin àwọn àgbà olórin tó wà nínú káàdì, àti ìròyìn láti ilé iṣẹ́ rédíò OSBC ní Òṣogbo, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn sípíkà wọ̀nyí ló ní rédíò nínú.

Nítorí náà, ọjọ́ tí sípíkà bá kọ̀ tí kò gba iná mọ́, orin dákẹ́, ìròyìn dákẹ́, ìkéde òkú àti ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yóò sì kọjá láìjẹ́ pé baálé ilé gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò sáré lọ ra tuntun. Owó rẹ̀ kò sì kéré mọ́, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ti gbówó lórí gan-an.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, sípíkà náà kò kú. Ohun tó ń ṣe é lè jẹ́ ohun tí èèyàn lè fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ wá rí nínú ilé, kí ó tó gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Bluetooth kúrò nílẹ̀. Harald, ọba kan tó jẹ ní ilẹ̀ Denmark ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n ń pe inagijẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni eléyín aró. Àwọn ilé iṣẹ́ tó para pọ̀ lọ́dún 1998 láti mú kí fóònù àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìlo waya ló mú orúkọ náà. Iṣẹ́ Bluetooth ni láti gbé orin láti inú fóònù bọ́ sínú sípíkà. Kò lọ́wọ́ sí bí sípíkà ṣe ń gba iná rárá.

Ohun tó ń gba iná ni bátìrì. Kì í ṣe irú bátìrì Tiger Head tí a ń kì bọ rédíò, tí a sì ń sọ nù bó bá tán. Lithium ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà lọ́dún 1991. Lọ́dún 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 3.7, bó bá kún, yóò dé 4.2. Ṣáájà ń fún sípíkà ní fólítì 5, pátákó kékeré kan nínú rẹ̀ ló sì ń díwọ̀n ohun tó ń wọ bátìrì, kó má bàa pọ̀ jù.

Ọ̀nà tí iná ń gbà kò ju báyìí lọ: láti ara ògiri sí orí ṣáájà, láti orí ṣáájà sínú waya, láti inú waya sí ojú ihò sípíkà, láti ibẹ̀ sí pátákó, kó tó kan bátìrì. Bí omi ẹ̀rọ ni ó rí. Ibi tó bá ti dí ni omi ti ń dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó dí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti orísun wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri

Ẹ fi ṣáájà àti waya kan náà gbé fóònù tó dára sí iná. Bí fóònù náà kò bá gba iná, sípíkà kò jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti jó, tàbí pé orí ṣáájà ti kú. Ó sì lè jẹ́ iná IBEDC fúnra rẹ̀ ni kò lágbára. Ara ọ̀pọ̀ ṣáájà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé láti fólítì 100 dé 240 ni ó ń lò. Nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ débi pé fáànù kò lè yí dáadáa, ẹ dúró dìgbà tí ó bá padà bọ̀ sípò.

Àwọn tó ń lo sólà kékeré lóko náà ní tiwọn. Bí wọ́n bá so sípíkà tààrà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ìkùukùu kan péré tó kọjá lójú oòrùn lè dá iná náà dúró, kí sípíkà máa gbà á, kó sì máa kọ̀ ọ́. Ó sàn kí sólà kọ́kọ́ wọ bátìrì ńlá tàbí àpótí tí a ń pè ní power bank, kí sípíkà wá gba tirẹ̀ láti ibẹ̀.

Waya ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́

Bí fóònù bá gba iná, ẹ má tíì dá waya láre. Bí ẹnu fóònù bá yàtọ̀ sí ti sípíkà, waya mìíràn lẹ fi dán fóònù wò nìyẹn. Ẹ yá waya mìíràn tó bá sípíkà mu lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ sì fi dán an wò. Ibi tí waya ti pàdé orí rẹ̀ ni ó máa ń já sí nínú, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ lóde yóò máa dán. Bí iná sípíkà bá ń tàn, tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń mi waya, waya tàbí ojú ihò ni ẹjọ́ náà wà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tó sì ti mú kí àwọn kan sọ sípíkà tó dára nù. Waya ẹlẹ́nu róbótó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Type-C ló gbòde báyìí. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ṣe òfin pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, òun ni fóònù, sípíkà alágbèéká àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ máa lò. Waya kan wà tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni Type-C. Ṣáájà tó ń lo irú waya yìí kì í déédéé tú iná sílẹ̀. Ó dà bí onílé tó máa kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú sípíkà tó yẹ kó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe sípíkà olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ kí owó má bàa pọ̀. Sípíkà kò dáhùn, ṣáájà kò sì ṣílẹ̀kùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ bí ẹ bá ní waya àtijọ́ nílé. Ẹ wá waya tí ẹnu tó wọ ṣáájà jẹ́ aláfẹ̀ onígun mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, tí ẹnu kejì jẹ́ Type-C, kí ẹ sì fi ṣáájà àtijọ́ gbé e sí iná. Irú ṣáájà bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìbéèrè kó tó gbé iná wá.

Ẹ wo ojú ihò rẹ̀

Eruku oko, ìyẹ̀fun, òwú àpò aṣọ àti kòkòrò kékeré lè dí ojú ihò tí waya ń wọ̀. Ẹ pa sípíkà, ẹ yọ waya kúrò, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ẹ fi ẹyọ ọwọ̀ gbígbẹ kan tàbí igi ìtayín rọra gbọ́n ọn jáde. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan kàn án, nítorí irin lè so ohun tí kò yẹ kó pàdé pọ̀ mọ́ ara wọn, kó sì jó pátákó.

Bí òjò bá pa á, ẹ nù ún, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó fi iná sí i. Ẹ má gbé e sẹ́bàá ààrò. Bí ojú ihò náà bá ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ, òjé tó dì í mú ti já nìyẹn. Ó di ọwọ́ oníṣẹ́.

Sùúrù fún bátìrì tó gbẹ

Sípíkà tí wọ́n gbé sínú àpò fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìlò lè gbẹ débi pé pátákó tó ń dáàbò bo bátìrì yóò ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ gbé e sí iná, kí ẹ má tàn án, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná pupa rẹ̀ kò tàn. Díẹ̀díẹ̀ ni irú bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń jí. Ẹ máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Bó bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn wákàtí náà, ẹ yọ waya, kí ẹ tàn án wò. Nígbà mìíràn, gílóòbù pupa kékeré yẹn nìkan ló kú, bátìrì ti ń gba iná ní tirẹ̀.

Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Bátìrì lithium kò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná ju ìwọ̀n 45 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn sípíkà kan sì máa ń kọ iná fúnra wọn nígbà náà. Ẹ tún lè tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí máa ń tún orí àwọn mìíràn ṣe.

Ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré olórédíò ló ń lo bátìrì BL-5C, irú èyí tó wà nínú fóònù Nokia àtijọ́. Ẹ lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn tó dára sí i. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ ti rí ọ̀daràn náà mú.

Ibi tí ewu wà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé BL-5C tó tó mílíọ̀nù 46, tí ilé iṣẹ́ Matsushita ṣe fún wọn láàárín oṣù Kejìlá 2005 sí oṣù Kọkànlá 2006, lè gbóná lódì bó bá ń gba iná. Bí ti ojúlówó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ayédèrú?

Bátìrì tó bá wú bí ikùn ọmọ tó yó kò ní àtúnṣe mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi iná sí i, ẹ má sọ ọ́ sínú iná pàǹtí. Ẹ gbé e sínú agolo tí yanrìn wà, ní ìta, jìnnà sí ilé àti ọmọdé. Ẹ má gbé sípíkà sí iná lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí fóòmù, ẹ má sì sùn tì í. Ẹ má gbé e sí iná nítòsí kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì fi ṣáájà fólítì 12 sí sípíkà tó ń lo 5 nítorí pé ẹnu waya wọn bára mu.

Bí ẹ bá gbé e lọ bá rédíónìkì

Ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ ti dán wò fún un, kó má bàa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì gba owó ìyẹn. Ẹ ní kó fi mítà wọn bátìrì lójú yín. Bó bá fi fólítì 3.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ó ṣeé ṣe kí bátìrì ṣì dára. Ẹ béèrè ìdí tó fi fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ dúnàádúrà kó tó tú u, kí ẹ sì gba ògbólógbòó ẹ̀yà tó bá yọ kẹ́ ẹ fojú rí i. Jíjó òjé sí ojú ihò kò yẹ kó wọ́n tó pípààrọ̀ pátákó. Bí iye tó bá pè bá ti ju ìdajì owó sípíkà tuntun lọ, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó gbà.

Bí yóò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ yín

Ẹ má dúró dìgbà tó bá kú pátápátá kí ẹ tó gbé e sí iná. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tó ìdajì, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un lóṣooṣù. Ẹ fi ọ̀rá bò ó lóko lásìkò òjò. Ẹ má sì fi waya fà á gbé.

Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ẹ tó ná owó kòkó sórí sípíkà tuntun, ẹ kọ́kọ́ yá waya aládùúgbò.