Ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fóònù yín? strace, bpftrace àti seccomp

Ìtòsí Mápó náà la wà. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, àwọn ọlọ́jà ni, ẹ má bínú.

Lóṣù tó kọjá, àǹtí mi tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba yá owó lórí áàpù kan. Ó fi ọjọ́ méjì pẹ́ kó tó san án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ àtàwọn oníbàárà rẹ̀ pé olè ni. Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o máa ń tẹ kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, ta ló fún wọn ní nọ́mbà ìyá ọkọ mi?"

Ẹ wo agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà: yàrá pọ̀, ẹnu ọ̀nà ìta kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù rí. Kò sí áàpù tó lè dá ṣí fáìlì tàbí dá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kernel ló gbọ́dọ̀ bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni system call.

strace dà bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń kọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ tòun ti orúkọ fáìlì. Àmọ́ ptrace ló ń lò, ó sì ń dá áàpù dúró nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Iṣẹ́ á falẹ̀.

bpftrace ní tiẹ̀, inú kernel gan-an ló ti ń wò, kì í dá áàpù dúró bẹ́ẹ̀. Ó yára ju strace lọ, ó sì lè wo gbogbo áàpù pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ agbára root, èyí tí fóònù tí a rà lọ́jà kì í sábà fún wa.

seccomp kì í ròyìn, asẹ́ ni. Ó wọ inú Linux ní 2005. Ní 2012, Linux 3.5 jẹ́ kí èèyàn lè yan ẹ̀bẹ̀ tí yóò kọjá. Láti Android 8.0 ní 2017, gbogbo áàpù ló wà lábẹ́ asẹ́ yìí. Àmọ́ nọ́mbà ẹ̀bẹ̀ ló ń kà. Kò lè ka orúkọ fáìlì.

Mo wá fi strace wo áàpù náà lórí fóònù àdámọ̀ nínú kọ̀ǹpútà mi. Kí ni mo rí? ioctl, ioctl, ioctl. Binder ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, òun ló ń gbé ìbéèrè lọ sọ́dọ̀ ètò tó tọ́jú àwọn nọ́mbà. Mo rí ìránṣẹ́, n kò rí ohun tó wà nínú lẹ́tà. seccomp náà ò lè dí i, nítorí láìsí ioctl, áàpù kankan ò ní ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀: ṣé onífóònù gbà? Àǹtí mi ti tẹ "Allow".

Láti 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google Play ò gba áàpù owó yíyá láyè mọ́ láti ka nọ́mbà àti fọ́tò àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ráńṣẹ́ lórí WhatsApp, òfin Play ò dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wo Permissions, ẹ pa Contacts fún áàpù tí kò nílò rẹ̀.

Mo ti pa á fún àǹtí mi. Àwọn nọ́mbà tó ti lọ ni mi ò lè dá padà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.