Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àjégúnlẹ̀ dé Kampala

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Àjégúnlẹ̀ nílùú Èkó, yàrá mẹ́wàá tàbí méjìlá ló kojú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan. Ẹni tó bá ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí ọmọ yàrá kẹta ń wúkọ́, ó mọ ẹni tí kò tíì san owó iná, ó sì mọ ìgbà tí ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyàwó. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á gbá ilẹ̀kùn: "Bàbá Ṣẹ́gun, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Ìyá àgbà kan á fa obìnrin náà wọ yàrá tiẹ̀, á fi omi gbígbóná tẹ ojú rẹ̀ tó wú. Tílẹ̀ bá mọ́, láńdílọ́ọ̀dù á pe àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n á ní ahọ́n òun eyín ń jà. Wọ́n á sọ fún ọkọ pé kó máa mú sùúrù, wọ́n á sọ fún aya pé kó yé dá ọkọ lóhùn, ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọkùnrin á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà, obìnrin á kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí, títí di ìgbà mìíràn.

N kò ní bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó gbá ilẹ̀kùn yẹn láéláé, nítorí pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ní GRA Àpápá, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà nínú ọgbà tirẹ̀, igbe obìnrin lè má dé etí ẹnikẹ́ni àfi máígádì, máígádì sì níṣẹ́ tí kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Ibi tí ará Àjégúnlẹ̀ ti ní ànfààní nìyẹn: èèyàn wà nítòsí.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 sọ. Nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù tàbí ṣe léṣe láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí wọ́n hùwà ipá sí, ó lé ní ìdajì tí kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Kò yà mí lẹ́nu. Bí o bá ti mọ̀ pé "fara dà á nítorí ọmọ" ni wọn yóò fi dá ẹ lóhùn, kí lo tún fẹ́ lọ béèrè?

Ní Kampala, olú-ìlú Uganda, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn àdúgbò kan wà níbẹ̀, ní Rubaga àti Makindye, tí èèyàn kún bámúbámú bíi ti Àjégúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Raising Voices gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní SASA!, ẹgbẹ́ CEDOVIP sì mú un wọ àdúgbò. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n yàn láti ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Wọn kò kọ́kọ́ dárúkọ lílù. Agbára ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ta ló ní in nínú ilé yín, kí ló ń fi ṣe, ìwọ náà ńkọ́, lórí ta lo ti ń lo tìrẹ? Wọ́n ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí nílé àti lọ́jà, wọ́n ń ṣe eré oníṣe, wọ́n ń na àwòrán síwájú àwọn èèyàn kí kálukú sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà Baganda ní Uganda ní ẹni tí wọ́n ń pè ní ssenga. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó lóbìnrin ni, òun ló ń kọ́ ọmọge bí yóò ṣe gbélé ọkọ. Àwa náà ní irú wọn, àwọn ìyá tí í pe ìyàwó wọ yàrá lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó. SASA! mú àwọn ssenga mọ́ra pẹ̀lú àwọn olórí àdúgbò, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹnu tí obìnrin ti kọ́kọ́ gbọ́ "fara dà á" ni wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀.

Láàárín ọdún 2007 sí 2012, àwọn olùwádìí fi àdúgbò mẹ́rin tí ètò náà wọ̀ wé mẹ́rin tí kò tíì wọ̀. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2014, ìwọ̀n àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ wọn lù láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí ní àwọn àdúgbò ètò náà fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ibi tí ètò náà kò dé. Àdúgbò mẹ́jọ kéré púpọ̀, nítorí náà kò yẹ kí á di iye yẹn mú bí ẹni pé kò lè yẹ̀. Èmi tilẹ̀ ka òmíràn sí ju ìyẹn lọ: obìnrin tí wọ́n lù ní àwọn àdúgbò ètò náà ń rí ìrànwọ́ tó tọ́ gbà lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Ní tiwa, ìjókòó láńdílọ́ọ̀dù máa ń dúró di ìgbà tí ojú bá wú. Ó ń pín ẹ̀bi sí méjì, kò sì béèrè ohun tó mú kí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló láṣẹ láti gbé ọwọ́ sókè.

Ọwọ́ wa kò ṣófo ní Èkó. Ẹgbẹ́ Project Alert ti ṣí ilé ààbò Sophia's Place láti ọdún 2001. Mirabel Centre, tó wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin lórí ìwà ipá abẹ́lé láti ọdún 2007, ó sì ní àjọ DSVA tó ń bójú tó o. Òfin yẹn gbà kí ẹlòmíràn tí ire obìnrin náà jẹ lógún lọ tọrọ àṣẹ ààbò lórúkọ rẹ̀ nílé ẹjọ́, bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Alájọgbé mélòó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Láti Boundary ní Àjégúnlẹ̀ dé Ìkẹjà, owó ọkọ̀ nìkan tó láti dá ẹni tí ọkọ ń há owó mọ́ lọ́wọ́ dúró sílé.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ WARIF ṣe, tí wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní bí wọ́n ṣe lè dá àpá ìyà mọ̀ kí wọ́n sì darí obìnrin síbi tó yẹ. Ní Àjégúnlẹ̀, mà á fi télọ̀ kún wọn, mà á fi alága gáréèjì kún wọn, pásítọ̀, álífà, àti àwọn àgbà Ijaw, Igbo, Urhobo àti Hausa tí wọ́n ń parí ìjà ní èdè tiwọn.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí à ń fi ṣe ìpolongo lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin lọ́dọọdún, láti 25 Oṣù Kọkànlá sí 10 Oṣù Kejìlá, dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Kampala gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó wọn èsì rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń gbówó kalẹ̀ ni kí wọ́n mú òpópónà mélòó kan ní Àjégúnlẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kí wọ́n san owó ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò tó ń ṣe é, kí wọ́n sì padà wá bi àwọn obìnrin ibẹ̀ léèrè ohun tó yàtọ̀.