Ta ló yẹ kí Man U tà, ta ló yẹ kí wọ́n rà? Ìwé àdéhùn ló ń dá ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ní viewing centre l'Ajangbadi

Nírọ̀lẹ́ Sátidé tí Manchester United bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àyè ìjókòó kì í ṣẹ́kù ní ọ̀pọ̀ viewing centre tó wà ní Ajangbadi, láti ọ̀nà Ìbà títí dé Okokomaiko. Jẹnẹrétọ̀ á máa dún lẹ́yìn ilé, fáànù á máa fẹ́ ooru kiri, àwọn tí kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lé á fẹ̀yìn ti ògiri. Ṣùgbọ́n ìgbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìparí ni ìjà gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní kí wọ́n lé gbogbo arúgbó inú ikọ̀ náà lọ kílẹ̀ tó mọ́. Èkejì á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kóòṣì ló yẹ kí wọ́n lé." Ẹ̀kẹta, ọmọ Arsenal tó kàn wá wo ìran, á máa rẹ́rìn-ín sínú.

Kì í kúkú ṣe ẹ̀rín lásán. Owó ìwọlé wà ńbẹ̀, owó jẹ́sì wà ńbẹ̀, owó tẹ́tẹ́ tí ẹlòmíì ti fi sílẹ̀ láti àárọ̀ náà wà ńbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ kan wà tí wọn kì í kí ara wọn fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ikọ̀ wọn bá fìdí rẹmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé, nǹkan tí wọ́n ń jà lé lórí, ẹni tí wọ́n máa rà, ẹni tí wọ́n máa tà àti kóòṣì tó kàn, kì í sábà jẹ́ pé orí pápá ni wọ́n ti ń yanjú ẹ̀. Orí ìwé ni. Ìwé yẹn náà sì kan àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyẹ̀pẹ̀ níbí l'Ọ̀jọ́, bí wọn ò tiẹ̀ tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, torí òun ló máa ń le jù.

Ní ìparí oṣù kìíní 2020, Man U lọ yá Odion Ighalo láti Shanghai Shenhua ní Ṣáínà. Ajegunle ló ti dàgbà, kò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà Badagry tí àwọn ará Ajangbadi ń gbà wọ ìgboro. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà Man U. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, àwọn kan sì ń sọ pé ó ti gbó jù. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 23, ó jẹ góòlù 5, ó sì padà ní oṣù kìíní 2021. Tá a bá wò ó lórí ìwé, ọjà tó dáa ni: wọn ò rà á, wọ́n yá a ni, nígbà tí àkókò pé, oníkálukú gba ọ̀nà ẹ̀ lọ láìsí gbèsè tó ń fà nílẹ̀.

Wá fi wé Alexis Sánchez. Oṣù kìíní 2018 ló dé láti Arsenal, ọmọ ọdún 29, nígbà tí wọ́n fi Henrikh Mkhitaryan ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀. Nítorí pé kò sí owó ńlá tí wọ́n san fún Arsenal, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló rò pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí i. Owó oṣù ẹ̀ ni kò jẹ́ ọ̀fẹ́. Góòlù 5 péré ló jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 45. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lọ, kò sí ikọ̀ tó fẹ́ san irú owó oṣù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ yá Inter Milan ní 2019, kí Inter tó gbà á pátápátá ní 2020 láì san owó kankan fún Man U. Ẹni tó ń pariwo "ẹ tà á!" ní viewing centre nígbà náà kò jayò pa, àmọ́ ta ni kó rà á? Agbábọ́ọ̀lù tó ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ lè sọ pé òun ò lọ, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú un. Bí ikọ̀ bá lé e, wọ́n ní láti bá a jíròrò lórí owó tó kù fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àgbàlagbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún odindi sáà kan.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àgbàlagbà náà á dójú ti gbogbo wa. Casemiro dé láti Real Madrid ní oṣù kẹjọ 2022, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì jẹ góòlù nínú àṣekágbá Carabao Cup tí wọ́n gbà ní oṣù kejì 2023. Ní oṣù karùn-ún 2024, Crystal Palace fi góòlù mẹ́rin sí òdo nà wọ́n, gbogbo ayé ní ó ti tán lára ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní Bilbao nígbà tí Man U na Athletic Club ní 3-0 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ti Europa League. Cristiano Ronaldo náà, ọmọ ọdún 36 nígbà tó padà dé ní 2021, jẹ góòlù 24 ní sáà yẹn, síbẹ̀ ipò kẹfà ni wọ́n parí sí, ó sì ti bínú lọ kí 2022 tó parí. Ọjọ́ orí nìkan kò tó fi ṣèdájọ́. Iye ọdún tó wà nínú ìwé àdéhùn àti owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló ń pinnu bóyá àgbàlagbà máa wúlò tàbí ó máa di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ rírà àti títà ló wá lọ́jú pọ̀ jù, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn tó pọ̀ jù ti máa ń ṣìnà.

Ẹ wo oníṣòwò kan l'Alaba tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Tó bá mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ló máa lò ó, tó sì ń ṣe ìṣirò tó dáa, kò ní kọ gbogbo owó náà sí ìnáwó oṣù tó rà á. Á pín in sí ọdún mẹ́rin. Bí àwọn ikọ̀ Yúróòpù ṣe ń kọ owó agbábọ́ọ̀lù sínú ìwé wọn nìyẹn. Ìpìlẹ̀ owó tí Man U fi ra Casemiro tó ọgọ́ta mílíọ̀nù pọ́ùn, ọdún mẹ́rin ni àdéhùn ẹ̀. Nínú ìwé, mílíọ̀nù 15 lọ́dọọdún ni, láì tíì ka owó oṣù. Chelsea rí ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fún Mykhailo Mudryk àti Enzo Fernández ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kí ti ọdún kọ̀ọ̀kan lè kéré. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ikọ̀ Premier League ti dìbò pé ìpín náà kò gbọdọ̀ kọjá ọdún márùn-ún mọ́, bó ti wù kí àdéhùn gùn tó.

Níbi tó ti wá ń dun olólùfẹ́ rèé. Wọ́n ra Antony lọ́wọ́ Ajax ní 2022 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 95 yúrò, àdéhùn ọdún márùn-ún. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 19 lọ́dún. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 38 ṣì kù lórí ẹ̀ nínú ìwé. Real Betis fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 22 rà á ní 2025. Ẹni tó wà ní viewing centre á ní, "Ó kúkú dáa, owó wọlé." Nínú ìwé, àdánù ni.

Scott McTominay ńkọ́? Man U ló tọ́ ọ láti kékeré, wọn ò fi kọ́bọ̀ rà á. Torí náà, òdo ni iye ẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tí Napoli fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 pọ́ùn rà á ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí èrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn olólùfẹ́ kò lè dárí jì: McTominay ran Napoli lọ́wọ́ láti gba líìgì Ítálì ní sáà yẹn gan-an, ó jẹ góòlù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní líìgì náà. Man U parí sí ipò 15 ní England. Ọmọ ilé ló rọrùn jù láti tà lójú oníṣirò owó. Lójú ẹni tó ra jẹ́sì, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Kí ló dé tí wọn ò kàn pa ìwé tì? Òfin ni. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, Premier League kò gbà kí ikọ̀ kan pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́ùn lọ láàrin ọdún mẹ́ta. Everton kọjá ààlà náà, wọ́n yọ àmì mẹ́wàá kúrò lọ́wọ́ wọn ní oṣù kọkànlá 2023, kí wọ́n tó dín in kù sí mẹ́fà nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nottingham Forest pàdánù àmì mẹ́rin ní oṣù kẹta 2024. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí alága ikọ̀ tó tún ń fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré.

Ó ku ti kóòṣì. Láti ìgbà tí Alex Ferguson ti fẹ̀yìn tì ní 2013 pẹ̀lú ife Premier League 13, ìbéèrè "ta ló kàn?" kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn olólùfẹ́. Moyes dé, van Gaal, Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, títí kan Amorim. Ten Hag ni àpẹẹrẹ tó yẹ kéèyàn dúró lé lórí. Ó na Manchester City gba FA Cup ní oṣù karùn-ún 2024. Ní oṣù keje, wọ́n fi kún àdéhùn ẹ̀ di 2026. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, wọ́n lé e. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.4 pọ́ùn lọ sílé, Sporting ti Lisbon sì gba mílíọ̀nù 11 yúrò kí wọ́n tó yọ̀ǹda Amorim. Owó agbábọ́ọ̀lù gidi kan nìyẹn, kò sì sí ẹsẹ̀ kankan tó fi kan pápá.

Kò parí síbẹ̀. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹni tó ń fẹ́. Ten Hag fẹ́ràn àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ l'Ajax. Amorim dé pẹ̀lú ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù tó ń lo ẹni mẹ́ta lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n fi owó ńlá rà fún ti tẹ́lẹ̀ sì di ẹni tí kò mọ ibi tó máa dúró. Ìwé àdéhùn wọn ṣì ń ka owó. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n lé kóòṣì lónìí, kó mọ̀ pé ìdajì ikọ̀ náà ló ń sọ di àgbàlagbà láàárọ̀ ọ̀la, àní bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọdún 24.

Ibo wá ni Ajangbadi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Nígbàkigbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn ẹ̀ tó parí, òfin FIFA sọ pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ikọ̀ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàrin 12 sí 15 ní ìdá 0.25, ọdún kọ̀ọ̀kan láàrin 16 sí 23 ní ìdá 0.5.

Ẹ gbé e lé Victor Osimhen, ọmọ Olúsòsùn ní Ojota, tó jẹ góòlù mẹ́wàá ní ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile ní 2015. Galatasaray fi mílíọ̀nù 75 yúrò rà á lọ́wọ́ Napoli ní 2025. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ọdún kan ṣoṣo tí ikọ̀ kan bá fi kọ́ ọmọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13 jẹ́ 187,500 yúrò. Ọdún kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17 jẹ́ 375,000. Ìyẹn tó láti ra ilẹ̀, gbin koríko, kọ́ ilé ìwẹ̀, kó sì tún ṣẹ́ kù.

Wọn kì í kàn fi owó náà ránṣẹ́ sí kóòṣì torí pé gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun ló kọ́ ọmọ náà. Ikọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ tó wà lábẹ́ NFF. Orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó kúrò gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo tí kò yí padà. Láti oṣù kọkànlá 2022, ilé iṣẹ́ kan tí FIFA dá sílẹ̀ ní Paris, FIFA Clearing House, ni irú owó bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń wò láti mọ ẹni tí wọ́n máa san án fún. Kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ ogójì lórí pápá ilé ìwé láàárọ̀ Sátidé, tí kò ní ju ìwé ẹlẹ́jẹ́-rúúlù kan tó kọ orúkọ sí lọ, kò sí nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òbí tó ní kí wọ́n dín ọjọ́ orí ọmọ òun kù. Bí ọjọ́ ìbí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù bá yàtọ̀ sí èyí tí ikọ̀ àdúgbò kọ, ìwé méjèèjì á máa ta ko ara wọn, ó sì lè jẹ́ ikọ̀ tó kọ́ ọmọ náà ni kò ní rí nǹkan gbà.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ta Osimhen, kò sí viewing centre tí wọn ò ti jiyàn bóyá owó náà ti pọ̀ jù fún líìgì Turkey. Lára àwọn tó ń jiyàn ni àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ kejì.