Oògùn Màmá Wà Lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù: Ẹ Mọ Owó Ibodè Kẹ́ Ẹ Tó Fi Fóònù Ra Ọjà Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níbí ní Baṣọ̀run ti fa ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù wọ inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì pọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, nígbà tí màmá kan tó ń gbé òpópónà kejì sí tiwa wọlé. Màmá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Fóònù ni wọ́n mú dání. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí mi yìí, ojú mi ò gbé e mọ́." Mo gbà á, mo kà á. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ló kọ̀wé pé ẹrù màmá ti dé láti òkè òkun, pé owó ibodè rẹ̀ jẹ́ náírà 65,000, àti pé bí wọn ò bá san án kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn máa dáná sun ẹrù ọ̀hún. Nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Orúkọ èèyàn kan ló wà lórí àkáǹtì yẹn, kì í ṣe orúkọ ìjọba.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ rà?" Wọ́n ní àbíkẹ́yìn àwọn tó ń gbé Bódìjà ló fi fóònù bá àwọn rà á: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, ìgò fítámì méjì, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tí wọ́n lò nígbà tí wọ́n lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo bi wọ́n léèrè pé oògùn tí dókítà kọ fún wọn nílé ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá táwọn ti dá a dúró, pé àwọn ń retí tòkè òkun.

Mo gbé ẹ̀rọ tèmi, mo dì í mọ́ wọn lápá. 188 lókè, 104 nísàlẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ wá sílẹ̀. Kí n má parọ́, mo gbàgbé kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀. Mo pe ọmọ wọn pé kó máa bọ̀, kó wá gbé ìyá ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin àgbà, oògùn ìfúnpá kì í ṣe ohun tá a ń dá dúró nítorí pé òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Òun ló máa ń fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tá a bá pàdé ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n á ní kò ṣe wọ́n bí ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Nígbà tí ara màmá ti balẹ̀ ni mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹrù náà.

Owó ibodè kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, ìlú tó bá ní odi ní ẹnu ibodè, oníbodè á jókòó síbẹ̀, alárù àti oníṣòwò tó bá fẹ́ẹ́ kọjá á sì san nǹkan. Ìbàdàn náà ní ibodè tirẹ̀. Ibodè òde òní ló wà ní èbúté Àpápá, ní Sẹ̀mẹ̀, àti ní pápákọ̀ òfurufú Ìkejà, níbi tí ọ̀pọ̀ páálí táwọn ará Ìbàdàn ń fi fóònù rà máa ń gbà wọlé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láyé ìgbà yẹn, ẹlẹ́rù rí oníbodè, oníbodè náà rí ẹlẹ́rù. Ní báyìí, ẹ ti rajà lórí ìjókòó nínú pálọ̀, ẹ ò sì ní rí oníbodè sójú. Ibẹ̀ gan-an làwọn oníjìbìtì ti ráyè wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó yìí? Láti ọdún 2015 ni Nàìjíríà ti ń lo ìwé owó ibodè kan náà pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ìpele márùn-ún ló ní: àwọn ọjà kan wà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí wọn, àwọn kan jẹ́ ìdá 5 nínú 100, àwọn mìíràn ìdá 10, ìdá 20 àti ìdá 35. Ọ̀pọ̀ ohun tá a ti ṣe parí, tá a máa gbé sílé lò, ló wà ní ìdá 20. Èyí tí wọ́n fẹ́ ká máa ṣe níbí fúnra wa ló máa ń bọ́ sí 35.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á da owó ọjà, owó tẹ́ ẹ fi gbé e àti owó ìbánigbófò pọ̀, orí àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti mú tiwọn. Ká sọ pé ìbùsùn ọmọ jòjòló kan àti owó ọkọ̀ rẹ̀ di náírà 200,000 nígbà tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó bá bọ́ sí ìdá 20, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ 40,000. Ẹ wá da 40,000 yẹn mọ́ 200,000, ó di 240,000. Bí ọjà náà bá wà lára èyí tó ń san VAT, orí 240,000 ni VAT ti máa jáde, kì í ṣe orí 200,000. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100 láti oṣù Kejì ọdún 2020, ìdá 5 ló wà tẹ́lẹ̀. Ó di 18,000. Ohun tẹ́ ẹ rò pé 200,000 ni ti di 258,000, a ò sì tíì ka àwọn owó kéékèèké bíi ti ECOWAS, àti owó iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó bá yín gbé ẹrù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn ọmọ tó ń rajà fún òbí wọn pé kí wọ́n má wo iye tó wà lójú fóònù kí wọ́n wá máa yọ̀.

Àwọn owó kéékèèké yẹn náà kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 2025, kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́ máa gba ìdá 4 lórí iye ọjà láfikún, ariwo pọ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún mú un padà, títí tí iléeṣẹ́ ètò ìṣúná fi ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹ ṣáà béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ rajà.

Oṣù Kẹsàn-án 2025 kan náà ni ìròyìn ayọ̀ kan jáde, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí àwọn àgbà. Láti ọjọ́ 8 oṣù náà, kọ́sítọ́ọ̀mù kéde pé ẹrù kékeré tẹ́ ẹ bá rà láti òkè òkun, tí iye rẹ̀ kò bá ju dọ́là 300 lọ, kò ní san owó ibodè àtàwọn owó orí tó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ẹnì kan lè jẹ àǹfààní yìí láàárín ọdún kan, kò sì kan ọjà tí wọ́n ti fòfin dè. Ilé iṣẹ́ tó gbé e wá ṣì lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé ọjà náà kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀, torí òun ló máa jẹ́rìí sí iye tẹ́ ẹ rà á. Àwọn kan máa ń bẹ ẹni tó ń tajà pé kó kọ dọ́là 20 sórí ohun tó jẹ́ dọ́là 400. Ẹ má dán an wò. Bí wọ́n bá já a, ẹrù lè dúró síbẹ̀, bó bá sì sọ nù lọ́nà, iye tẹ́ ẹ kọ ni wọ́n máa fi gbà yín lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oògùn, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Òfin VAT yọ oògùn sílẹ̀, èyí dáa. Àmọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìwé kan tí wọ́n kọ àwọn ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọlé sí, ó sì máa yà yín lẹ́nu pé parasitamọ́ọ̀lù oníhóró àti olómi wà níbẹ̀. Fítámì lásán tí wọ́n kó oríṣiiríṣii pọ̀ sínú ẹ̀ wà níbẹ̀, fọ́líìkì ásíìdì táwọn aboyún ń lò wà níbẹ̀, fítámì B náà, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-áyọ́ọ̀nù. Àwọn àkànṣe kan wà tí wọ́n yọ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tá a mọ̀ lójoojúmọ́ kò sí lára wọn. Ìdí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ wa ń ṣe wọ́n níbí. Aṣọ òkìríkà wà nínú ìwé yẹn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ tí wọ́n ti dì fún títà. Nítorí náà, ìgò fítámì méjì tí màmá wa ń retí, tí wọ́n torí ẹ̀ fọkàn balẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá rárá. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tún yàtọ̀: oògùn tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, èyí tí wọ́n sì rà lójú fóònù lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ kò ní in.

Ó sì tún ku ọ̀rọ̀ ooru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Abẹ́rẹ́ insulin tí wọn ò tíì ṣí, inú fìríìjì ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Ewé pẹlẹbẹ tí ẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti wo ṣúgà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ ooru tó ju ìwọ̀n 30 lọ. Ẹ wá ro páálí tó dúró sínú ilé ẹrù onípáànù fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí owó ibodè tí ẹnìkan ò tíì san. Ó lè dé ọwọ́ yín pẹ̀lú páálí tó ń dán, kí iṣẹ́ inú ẹ̀ ti lọ. Insulin tó ti bàjẹ́ kì í rùn, ṣúgà tó bá gòkè ló máa sọ fún yín. Tèmi ni pé ká má fi fóònù ra insulin láti òkè òkun láéláé. Ilé oògùn tó ní fìríìjì àti jẹnẹrétọ̀ ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ ló yẹ ká lọ, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Ẹ̀rọ ìfúnpá ńkọ́? Ìyẹn lè wá láti òkè òkun, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ rà nítòsí, bó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn. Àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kì í ní kí èèyàn sanwó ibodè sínú àkáǹtì ẹnì kankan. Àpò ìjọba lowó ń lọ nípasẹ̀ báǹkì, ìwé tó fi iye tí wọ́n bù fún ẹrù hàn á sì wà, lẹ́yìn náà rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù ló kọ́kọ́ bá yín san án, àwọn náà gbọ́dọ̀ lè fi ìwé yẹn hàn. Àwọn ilé ìtajà ńlá kan sì máa ń gba owó ibodè pọ̀ mọ́ owó ọjà látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sanwó, kẹ́ ẹ yẹ rìsíìtì yín wò kẹ́ ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lé yín pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ bi í ní nọ́ńbà ẹrù náà, kẹ́ ẹ wá pe ilé iṣẹ́ tó gbé e fúnra yín, lórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí òun fún yín.

Ẹ̀dà jìbìtì yìí tó máa ń dùn mí jù lọ ni ti àwọn opó. Ọ̀rẹ́ kan á jáde láti orí Facebook, òyìnbó ni, á ní òun ti fi góòlù àti dọ́là ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀sẹ̀ kejì "kọ́sítọ́ọ̀mù" á pè. Mo mọ màmá kan tó ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀. Kò sí ẹrù níbì kankan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bi ìyá yín léèrè ta ló ń pè wọ́n, kẹ́ ẹ má sì fi wọ́n ṣẹlẹ́yà bí wọ́n bá sọ, torí ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí owó á fi tán.

Ní ti màmá wa, ọmọ wọn pe ilé iṣẹ́ tó gbé ẹrù. Páálí wà ní Ìkejà lóòótọ́, àpapọ̀ rẹ̀ kò tó dọ́là 300, wọn kò bu owó ibodè kankan fún un. Fítámì àti oògùn ni wọ́n yọ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ni wọ́n san, ẹ̀rọ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ká lè mọ̀ bóyá ó ń sọ òótọ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Oògùn tí dókítà kọ ni wọ́n padà sí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, 142 lókè, 86 nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ náà ni wọ́n tún béèrè, wọ́n ní ṣé àwọn lè fi èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti pọ̀nmọ́ gbígbẹ ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ àwọn ní Amẹ́ríkà. Mo ní ìdáhùn ibẹ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju dọ́là 800 lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n ti mú ìyẹn kúrò fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀bùn gidi láti ọwọ́ ẹbí, tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 100 lọ, ni wọ́n ṣì fi àyè sílẹ̀ fún, kí wọ́n kọ ọ́ gbangba sí ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni, kí wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ àti iye rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì kéré sí i: pọ́n-ùn 39 ni ẹ̀bùn lè jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu VAT lé e. Pọ̀nmọ́ ní tirẹ̀, ẹran ni, Amẹ́ríkà kì í gbà á wọlé láti ọ̀dọ̀ wa.

Màmá wo àpò tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yọ pọ̀nmọ́ náà jáde, wọ́n ní kí n gbé e dání lọ sílé, pé ẹ̀wà tí mo ń ṣà lọ́jọ́sí, ṣé mo ti wá nǹkan sí i.